Àwọn Òròmọdìyẹ Ọlọ́rùn Pípá

"Màmá, ṣé ẹ ò rí ọrùn wọn ni?"

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Kafilat bi Màmá Sàlàkọ́ ní ìbéèrè yìí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà náà, ọmọ tó jẹ́ pé bí tíṣà bá pè é ní kíláàsì, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa ń wò kó tó dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Màmá ní kó lọ da omi inú abọ́ nù, kó sì nu inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa ẹyin mọ́.

Fíríìjì ni ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀. Ọdún méjìlélógún ni Màmá fi gbálẹ̀, tó fi nu tábìlì, ní ọ́fíìsì àwọn akẹ́rù kan ní Warehouse Road. Nígbà tí ọ́fíìsì náà kógbá sílé, fíríìjì tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ní kó máa gbé lọ. Gbogbo ará ilé wọn ní Olódì-Àpápá ló ń bi í pé kí ló fẹ́ fi òkú fíríìjì ṣe. Kò bá wọn fa ọ̀rọ̀. Ó pe oníṣẹ́ iná kó so gílóòbù mẹ́rin àti fáànù kékeré kan sí inú rẹ̀, ó gbé abọ́ omi sí ìsàlẹ̀, ó to ẹyin sórí àwọ̀n. Ní ọjọ́ kọkànlélógún, òròmọdìyẹ ń ké nínú fíríìjì. Mùtíù tó ń wa kẹ̀kẹ́, tí yàrá rẹ̀ wà lẹ́nu géètì, ló sọ ọ́ ní Fíríìjì Asàba. Ó ní fíríìjì àwọn ẹlòmíràn ń mú omi tutù, ti Màmá ń bímọ.

Màmá kì í pa ẹyin lásán. Ó ní adìyẹ ágríìkì ń yé dáadáa, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tútù díẹ̀ ti tó láti pa á. Adìyẹ ìbílẹ̀ sì le koko, ṣùgbọ́n kì í yé púpọ̀. Ló bá ń jẹ́ kí àkùkọ ìbílẹ̀ gun àgbébọ̀ ágríìkì, àmúlùmálà wọn ló ń pa. Àwọn èèyàn ń ti Kirikiri wá bẹ̀ ẹ́ kó bá wọn pa tiwọn náà.

Àkùkọ kan ṣoṣo ló ń lò. Ìsẹ́yìn ló ti gbé e wá lórí itan nígbà tó lọ sin ìyá rẹ̀. Ọrùn àkùkọ náà pá láti ẹ̀yìn etí dé èjìká, àfi ìdì ìyẹ́ kékeré kan níwájú, bí ẹni tó so táì lọ sí ibi iṣẹ́. Bó bá sì ń kọ, kì í kọ ọ́ parí. Àárín ló ti máa ń gé e, bí ẹni tí ikọ́ há lọ́fun. Yàtọ̀ sí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá, kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo agbègbè wọn.

Ilé kan náà ni Kafilat àti ìyá rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú Màmá. Òun ló ń yí ẹyin padà kó tó lọ sílé ẹ̀kọ́ àti nígbà tó bá dé. Ó fi pẹ́ńsù kọ X sí ẹ̀gbẹ́ kan ẹyin, O sí èkejì, kó lè mọ èyí tó ti yí. Bó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n mọ́, kò sì gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Màmá dé láti mọ́sálásí, kò bá àkùkọ nílé. Tamuno, tó yá yàrá kan nínú ilé náà, nìkan ló wà ní gbogbo ilé. Ibi táǹkì epo ní Kirikiri ló ti ń ṣe ọdẹ lóru, ọ̀sán ló fi ń sùn. Ọdún kẹfà rẹ̀ nínú ilé náà nìyẹn, òun ló sì máa ń sáré tan jẹnẹrétọ̀ bí iná bá lọ, kí ẹyin Màmá má bàa tutù. Nígbà tí àwọn ará ilé yòókù dé, Màmá dúró láàárín àgbàlá lójú gbogbo èèyàn.

"Tamuno, ìwọ nìkan lo wà nílé. Àkùkọ mi dà?"

Tamuno ní oorun lòun ń sùn. Ó ṣí yàrá rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n wò ó. Ìkòkò ọbẹ̀ ẹja ni wọ́n bá níbẹ̀, síbẹ̀ ojú wọn kò kúrò lára rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá ń kọjá, àwọn ọmọdé á máa kọ bí àkùkọ. Mùtíù á bi í bóyá itan ló dùn jù tàbí apá. Onílé gbọ́, ó ní oṣù méjì ló fún Tamuno kó fi wá ibòmíràn.

Nígbà tí oṣù àkọ́kọ́ fẹ́ parí, Alhaja Rekiat gbé ọgbọ̀n ẹyin wá, ó ní àwọn àgbébọ̀ òun ló yé wọn. Ọkọ̀ kan náà ló gbé òun àti Màmá wá sí Èkó nígbà ọmọge wọn. Wọ́n jọ gbé ọmọ ara wọn pọ̀n, ilé rẹ̀ kò sì ju ẹ̀yìn mọ́sálásí lọ. Kafilat kọ ọjọ́ náà sínú ìwé, ó kọ X, ó kọ O.

Ọjọ́ Sátidé ni ẹyin pa, mẹ́tàlélógún nínú ọgbọ̀n. Nígbà tí ìyẹ́ wọn gbẹ, Kafilat ṣí ilẹ̀kùn, ó rí awọ pupa lọ́rùn àwọn kan. Kò retí irú rẹ̀ nínú ẹyin Alhaja, ó kọ́kọ́ rò pé gílóòbù ló jó wọn. Ó mú ọ̀kan sọ́wọ́. Ọrùn rẹ̀ pá, pupa bí ahọ́n, ìdì ìyẹ́ kékeré kan sì wà níwájú rẹ̀, bí táì. Ó mú òmíràn, bákan náà. Mọ́kànlá ni wọ́n. Kafilat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Màmá dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Alhaja fi dé. Màmá ń mú àwọn òròmọdìyẹ sínú páálí lọ́kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀. Nígbà tó mú ọlọ́rùn pípá àkọ́kọ́ jáde, ọwọ́ tí Alhaja nà dúró lófuurufú. Lẹ́yìn náà ó ní òjò fẹ́ rọ̀. Màmá ní kó gbé wọn sí ibi tó gbóná, kó má fún wọn ní omi tútù. Alhaja gbé páálí, ó lọ. Ìgbà náà ni Kafilat béèrè ìbéèrè rẹ̀, tí Màmá ní kó lọ da omi nù.

Ó dà á nù. Bó ṣe ń padà bọ̀, ó rí Màmá tó ń kọjá láàárín àgbàlá láìwọ bàtà. Tamuno wà níwájú yàrá rẹ̀, ó ń di bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lókùn. Màmá, obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"Tamuno, mo purọ́ mọ́ ọ. Ìwọ kọ́ lo gbé àkùkọ mi. Dárí jì mí."

Mùtíù tó ń fọ kẹ̀kẹ́ dúró gbagidi, omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀, kò mọ̀. Okùn bọ́ lọ́wọ́ Tamuno.

"Màmá, abẹ́g, ẹ dìde. Ṣé ẹ fẹ́ kí Ọlọ́run bínú sí mi ni?"

Màmá kò dìde àfi ìgbà tí Tamuno ní òun ti dárí jì í. Kó tó dìde, Mùtíù béèrè pé ta wá ni olè náà.

"Tamuno ni mo ń bẹ̀, Mùtíù. Bí o bá fẹ́ mọ ohun tó kàn, wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Màmá lọ bẹ onílé kó má lé Tamuno mọ́, ó sì gbà. Tamuno tú okùn bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Bí iná bá lọ, ó ṣì ń tan jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n kò bá Màmá ṣeré mọ́. Nǹkan kan ló ń yọ Kafilat lẹ́nu lẹ́yìn náà: ẹni tó ṣe àṣìṣe á ní òun ṣe àṣìṣe. Irọ́ ni Màmá pe tirẹ̀.

Ọdún mẹ́fà kọjá. Kafilat ti wà ní yunifásítì ní Abẹ́òkúta, ẹ̀kọ́ nípa ohun ọ̀sìn ló ń kọ́. Ìgbà tó wálé fún ìsinmi, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ Alhaja Rekiat tán ni. Ó bá Màmá nídìí fíríìjì, ó gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bá a yẹ ẹyin wò lójú iná. Màmá ló ṣàdédé sọ̀rọ̀, kò wo ojú rẹ̀.

"Kafilat, mo rí ọrùn wọn."

Kafilat pa tọ́ọ̀ṣì.

"Kí ẹyin náà tó pa ni mo ti mọ̀. Ọjọ́ kejì tí àkùkọ sọnù, mo ń lọ kírun àsùbáà, mo gbọ́ ọ lẹ́yìn ilé Rekiat. Ó kọ, ó gé e láàárín. Mo dúró. Mo ní etí mi ló ń tàn mí. Láti ọjọ́ náà, mi ò gba ọ̀nà yẹn lọ sí mọ́sálásí mọ́. Bí Tamuno bá lọ, ayálégbé mìíràn á wọlé. Rekiat ńkọ́, níbo ni mo ti fẹ́ rí òmíràn? Mo ti gbà pé kí Tamuno máa kó lọ. Àfi ìgbà tí o la ẹnu béèrè, tí mo rí i pé kì í ṣe èmi nìkan ló mọ̀ mọ́. Bí o ò bá bi mí lọ́jọ́ yẹn, ọmọ mi, ǹ bá jókòó síhìn-ín, ǹ bá máa wo Tamuno bó ṣe ń gbé ẹrù rẹ̀ jáde."