Ìyá Mi Ò Gbà Kí Wọ́n Kírun Òkú fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Nígbà tí mo kéré, ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbí, ta ló ń kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀? Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nílùú la fi ń mọ ọjọ́ orí èèyàn. Ogun òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ tán nígbà tí ìyá mi bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Èmi, a ti gba òmìnira kí n tó dé. Àwa méjì náà ló bí.

Ogun abẹ́lé dé, ẹ̀gbọ́n mi wọṣẹ́ ṣójà, ó lọ. Ogun parí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wálé lọ́kọ̀ọ̀kan, a ò fojú kàn án, a ò gbúròó rẹ̀. Bàbá wa mú ààfáà wálé pé kó kírun òkú fún un, bí a ò tilẹ̀ rí òkú. Háà, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ ò mọ ìyá mi! Ó dí ẹnu ọ̀nà. "Ta ló rí òkú ẹ̀? Ẹ máa lọ o!" Ààfáà bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìjọba ní kí ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì, kó máa rìn lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìyá mi ò lè jẹun. "Ta ló máa sọ fún ọmọ mi? Bó bá dé, tó fẹ́ sọdá, ọwọ́ ọ̀tún ni yóò kọ́kọ́ wò, ọkọ̀ á sì ti òsì wá gbá a." Bó bá ti tajà tán ní Èbúté Èrò, á lọ dúró sétí títì ní Adéníji, á máa ké sí gbogbo géńdé tó fẹ́ sọdá: "Ọmọ mi, òsì ni kó o kọ́kọ́ wò o!" Àwọn èèyàn ní, "Ìyá Ṣójà ti di ọlọ́pàá!" Ojú ń tì mí. Nígbà tó yá, kò tì mí mọ́. Kò sí ohun tó ń ká mi lára mọ́.

Náírà dé, afárá dé, wọ́n wó ilé tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Gbogbo rẹ̀ ni ìyá mi fi ń ṣírò ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀. "Á ti láya báyìí." "Irun ẹ̀ á ti máa funfun."

Ọdún kòrónà ni ìyá mi kú. Ìwọ̀nba èèyàn la fi sin ín. Mo ń retí ẹkún, kò wá. Ààfáà tó fẹ́ ṣàdúà ò tíì dàgbà púpọ̀. Ó bi mí pé, "Màmá, ọmọ mélòó ni wọ́n fi sáyé?"

Mo ní, "Àwa méjì ni."

Ó wò yíká. "Ẹnì kejì ńkọ́, mà?"

"Ó lọ sógun."

"Ogun wo?"

Mo wojú ẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín. Kò mọ̀ ni. Lónìí, ẹ mọ ọjọ́ ìbí yín títí kan wákàtí, ẹ ò sì mọ ogun náà. Mo ní kó máa bá àdúà lọ.