Àmì Tí Ìyá Tíṣà Fọ̀ Yọ

Oṣù mẹ́ta péré ni mo ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi ní Mọ́níyà nígbà tí Tíṣà wá bá mi lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wọn. Ṣọ́ọ̀bù tèmi kò tíì ju abẹ́ igi máńgòrò kan lọ, àpótí irinṣẹ́ mi kò sì kún. Ìgbéraga nìkan ló kún ọwọ́ mi. Mo gbà pé kò sí ẹ́ńjìnnì tí mo lè tú tí n kò ní lè tò padà.

Tíṣà ni ọ̀gá iléèwé ìjọ ní abúlé kan lọ́nà Ìjàyè. Wọ́n ní iwájú ẹ́ńjìnnì ń dún bí ẹni ń mi òkúta nínú agolo. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀ pé ṣéènì táímìn ló gbó. Ṣéènì yìí ló so irin ìsàlẹ̀, tó ń gbé písítìn lọ sókè sódò, mọ́ irin òkè tó ń ṣí fáàfù, kí ọ̀kan má baà ṣáájú èkejì. Bí ó bá já lójú ọ̀nà, ìrìn àjò parí nìyẹn.

"Ràfíù, ọjọ́ Ajé ni ọsibítù dá fún ojú Ìyá mi ní Ìbàdàn," ni Tíṣà wí. "A ti pàdánù ọjọ́ kan rí nítorí ọkọ̀ yìí. Bí a bá tún pàdánù èyí, n kò mọ ìgbà tí wọn yóò tún pè wá."

Mo béèrè pé ṣé Ìyá kò lè wọ lọ́rì. Wọ́n ní Ìyá ti ṣubú lára lọ́rì nígbà tí ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, wọ́n sì ti búra pé àwọn kò tún ní gùn ún mọ́.

Nítorí náà, ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo so àpótí mi mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, mo sì lọ bá ọkọ̀ náà nílé. Ọjọ́ náà ni mo gbọ́dọ̀ parí rẹ̀, torí Tíṣà ti sọ fún mi pé ẹnikẹ́ni kì í lu irin nínú ilé àwọn lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo tú rédíétọ̀, mo tú bẹ́líìtì fáànù, mo ṣí ìdérí iwájú. Irin eléyín méjì wà nínú ibẹ̀, ńlá lókè, kékeré nísàlẹ̀, gíríìsì àtọdúnmọ́dún sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi ni mo ṣe: mo gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ Tíṣà, mo nu orí eyín wọn, mo fa ìlà funfun sára méjèèjì níbi tí wọ́n ti kọjú síra, kí n lè mọ bí n óò ṣe dá wọn padà. Lẹ́yìn náà ni mo yọ wọ́n. Bí ṣéènì ti kúrò, irin òkè yí díẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí àwọn sípíríǹgì fáàfù ń tì í. Èyí kò já mọ́ nǹkan kan lójú mi, ìlà ṣọ́ọ̀kì mi ṣáà wà níbẹ̀. Mo mú ṣéènì tó gbó dání, mo lọ wá tuntun ní Ìbàdàn.

Nígbà tí mo fi padà dé, oòrùn ti ń rọlẹ̀. Ìyá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ẹní kan wà níwájú wọn. Gbogbo irin tí mo tú ló wà lórí rẹ̀, wọ́n ń dán yanran. Ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn ṣì wà nínú igbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ràfíù ọkọ mi, o ti dé? Mo ti bá ọ fọ àwọn nǹkan rẹ. Ẹ̀gbin wọn ti pọ̀ jù."

"Ẹ ṣeun, mà," ni mo wí. Ẹnu lásán ni. Inú ń bí mi gan-an. Ká ní ẹgbẹ́ mi ni, ariwo tí n óò pa lọ́jọ́ náà, wọn ì bá gbọ́ ọ ní Mọ́níyà. Ìlà ṣọ́ọ̀kì kankan kò sí mọ́. Bí mo bá sì fi ojú díwọ̀n rẹ̀, tí mo ṣì í, písítìn lè kọlu fáàfù kí fáàfù tẹ̀, a ò sì ní sọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé mọ́.

"Kí ló dé tí ohùn rẹ yí?"

Mo ṣàlàyé fún wọn. Mo gbìyànjú kí ohùn mi má le, àmọ́ ó le díẹ̀.

"Ọwọ́ ara mi ni mo fi ba ojú ara mi jẹ́ nìyẹn," ni wọ́n wí.

Ìbínú mi rọlẹ̀, ojú sì tì mí. Lẹ́yìn náà ni Ìyá na ọwọ́ sórí ẹní, wọ́n ń fọwọ́ wá irin eléyín náà kiri.

"Ṣé àmì ara wọn gan-an kò tó ọ lò?"

"Àmì wo, mà?"

"Ihò kékeré kan wà lábẹ́ eyín rẹ̀, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ó wà lára ìyá, ó wà lára ọmọ. Ìgbà tí mo ń fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ lọ́wọ́ mi bà á. Ojú mi ló ń ṣe mí, ọwọ́ mi kò ṣe nǹkan kan."

Mo gba irin ńlá náà, mo gbé e sójú oòrùn. Òótọ́ ni. Mo wo kékeré, ó wà níbẹ̀. Àwọn tó rọ ẹ́ńjìnnì náà ló ti sàmì sí i láti ilé wọn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ṣẹ́, mo ti yọ irú rẹ̀ láìmọye ìgbà, kò sì sí ẹnì kan nínú ṣọ́ọ̀bù wa, àti ọ̀gá àti ọmọṣẹ́, tó fọ̀ ọ́ rí débi tí yóò fi rí i.

Mo kọjú àmì méjèèjì síra, mo fi ṣéènì tuntun kọ́ wọn. N kò tíì gbà gbọ́ tán. Mo yọ pílọ́ọ̀gì, mo ki ẹyọ ìgbálẹ̀ kan bọ ihò rẹ̀ kí n lè mọ ibi tí písítìn dé, mo rọra yí ẹ́ńjìnnì. Ìgbálẹ̀ náà gòkè, ó dúró níbi tó yẹ kó dúró. Ìgbà náà ni mo tó dé ohun gbogbo padà.

Tíṣà ti wọ ẹ̀wù alẹ́ nígbà tí mo ní kí wọ́n ṣáná sí ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan, kò dáhùn. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó jí, ó sì ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sí ariwo agolo kankan mọ́. Ìyá pàtẹ́wọ́ láti orí ìjókòó wọn.

Wọ́n lọ lọ́jọ́ Ajé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Tíṣà dúró ní ṣọ́ọ̀bù mi, Ìyá wà nínú ọkọ̀, awò wà lójú wọn. Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ìwọ ni Ràfíù? Ohùn rẹ dàgbà jù ọ́ lọ."

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, fífọ irin ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ́ ọ kó tó di sípánà mú. Àwọn kan máa ń kùn pé iṣẹ́ obìnrin ni. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n kùn.

Ọdún mélòó kan kọjá, ṣéènì náà tún gbó, Tíṣà sì gbé ọkọ̀ wá. Ìyá tẹ̀ lé wọn wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n. Wọ́n gba àpótí kan, wọ́n jókòó ti mí títí mo fi yọ irin eléyín méjèèjì tí epo dúdú bò.

"Níbo ni àmì yẹn wà? N kò tíì fojú rí i rí."

Mo mú àkísà kí n nù ún. Ìyá gba irin náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ká ọwọ́ bùbá wọn sókè, wọ́n ní kí n gbé ọṣẹ wá.

Mo sáré gbé e wá.