Abẹ́rẹ́ Àlẹ́jì àti Iyán Ilé Ọkọ Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Oǹdó lóṣù tó kọjá. Ó ṣì ń rí mi lára títí di ìsinsìnyí!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé èmi àti eruku ò rẹ́. Tí wọ́n bá gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì wa ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́, màá sín títí ojú mi á fi pọ́n. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ní kí n máa gba abẹ́rẹ́ àlẹ́jì lóòrèkóòrè. Ohun tí ara mi kò fẹ́ gan-an ni wọ́n ń gún sí mi lára díẹ̀díẹ̀, kó lè mọ́ mi lára.

Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní tí mo bá ti gbà á, kí n jókòó sí ọsibítù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, torí ara lè kọ̀ ọ́ lójijì. Kí n má sì ṣiṣẹ́ agbára lọ́jọ́ náà. Ṣé ìyẹn le?

Àkókò abẹ́rẹ́ wá bọ́ sí ìgbà tí a fẹ́ lọ kí ìyá ọkọ mi ní Oǹdó. Dókítà bá mi bá ọsibítù kan níbẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì gbé oògùn náà sínú fúláàsìkì oníyìnyín fún mi.

Àfi bí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ṣe rí fúláàsìkì lọ́wọ́ mi! Aǹtí ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì níwájú ilé, Nọ́ọ̀sì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Wọ́n ní ṣé ìyàwó àwọn fẹ́ lọ tò sórí ìlà ní ọsibítù nígbà tí àwọn wà nílé ni? Mo wo ọkọ mi. Fóònù lọkọ mi ń wò.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ dá mi lóhùn: ta ló máa sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, lójú ìyá ọkọ, pé ọwọ́ wọn kò dá òun lójú?

Ẹja yíyan ni Aǹtí ń jẹ lọ́wọ́. Wọ́n fi etí ìró nu ọwọ́, wọ́n gbé abẹ́rẹ́, wọ́n gún mi lápá. Etí ìró o! Mo ní ẹ jẹ́ kí n jókòó díẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwa ará Àkúrẹ́ ti ń ṣe bí òyìnbó jù, pé ìyá ń dúró de iyán.

Mo bá gbá ọmọ odó mú.

N kò tíì gún un dé ìdajì tí àtẹ́lẹwọ́ mi ti ń yún mi. Ètè mi wú. Ọ̀fun mi ń há, mi ò lè mí délẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ pariwo, ohùn kò jáde. Ẹ̀rù bà mí débi pé orúkọ àwọn ọmọ mi ni mò ń pè nínú.

Kí ni Nọ́ọ̀sì wa ṣe? Epo pupa! Wọ́n gbé ike epo wá, eṣinṣin kan ti kú sínú ẹ̀, mo fojú ara mi rí i, wọ́n ní kí n lanu. Ẹni tí ọ̀fun ẹ̀ ń dí lẹ fẹ́ da epo sí lẹ́nu? Mo bì í sára ìró wọn, ìró ẹlẹ́ja yẹn náà.

Ọkọ mi ló gbé mi sínú mọ́tò. Ní ọsibítù, wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ mìíràn ní itan kíákíá, wọ́n fún mi ní ọ́síjìn, èémí mi sì padà. Dókítà ibẹ̀ béèrè ohun tí mo ń ṣe nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ní iyán ni mò ń gún. Dókítà ní kó tún un sọ.

Nígbà tí a padà délé, Aǹtí ní ìyàwó àwọn kò kúkú fẹ́ gúnyán ni. Ìríra gbáà! Ọjọ́ yẹn lọkọ mi gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, “Aǹtí, ó tó gẹ́ẹ́.”

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ń gba irú abẹ́rẹ́ yìí, ọsibítù ni kẹ́ ẹ ti gbà á. Ẹ jókòó kí àkókò yín pé. Tẹ́ ẹ bá ń wúkọ́, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó gún yín, torí ewu abẹ́rẹ́ náà máa ń pọ̀ sí i nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó bínú.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni àwọn ará ilé ti fi ipá mú yín ṣe rí nígbà tí ara yín kò yá? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mò ń kà á.

Iyán ọjọ́ yẹn náà ńkọ́? Ó gan sínú odó. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́.