Ọjọ́ Tí Màmá Bọ́sẹ̀ Jẹ́rìí Mi

Ọjọ́ Ìsinmi tí Màmá Bọ́sẹ̀ dìde jẹ́rìí mi kò ní kúrò lọ́kàn mi títí ayé.

Èmi ni mo ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa lóru ní Òkè-Odò. Odindi oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi pè mí ní olè nítorí jẹnẹrétọ̀ ìjọ tó sọnù. Ta ni yóò gba aláìkàwé gbọ́?

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, olùkọ́ Bíbélì wa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan, mátúsì. Ó ní ẹni tó bá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí níwájú adájọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń pa àwọn onígbàgbọ́ nítorí ẹ̀rí wọn ni ó tó di ajẹ́rìíkú.

Màmá Bọ́sẹ̀, tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu gẹ́ètì ṣọ́ọ̀ṣì, béèrè pé, "Tíṣà, ẹni tó rí i tó panu mọ́ ńkọ́?"

"Ẹ̀rù ló bà á, màmá. Kì í ṣe mátúsì."

Ó dìde. "Alága ìjọ tó jókòó yìí, onílé mi, ló gbé jẹnẹrétọ̀ yẹn. Ó ṣojú mi kòró."

Alága kò lè sẹ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó lé Màmá Bọ́sẹ̀ jáde nílé rẹ̀. Pálọ̀ èmi àti ìyàwó mi ni òun àti Bọ́sẹ̀ ń gbé báyìí. Ìjọ kò tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, mo sì ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ tí Màmá Bọ́sẹ̀ bá kí mi kú àbọ̀, ohun tí mo fi ń dá a lóhùn ni pé, "Mátúsì mi, ẹ ṣeun."