Ìyàndá Tó Ń Ṣe Òkú Sójà

Bí oṣù kìíní ọdún bá ti ń sún mọ́, Ìyàndá ni wọ́n máa ń pè pé kó wá kú.

Awakọ̀ tírélà ni, ọmọ Ìṣẹ́yìn tó ti pẹ́ ní Ajégúnlẹ̀. Akínsànyà, tíṣà kan ládùúgbò, ló kó ẹgbẹ́ òṣèré kan jọ, tí wọ́n ń fi ewì àti eré rántí àwọn sójà tó bógun lọ, ní àyájọ́ ìrántí wọn lóṣù kìíní. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó máa dùbúlẹ̀ bí òkú lórí ìtàgé, tí Ṣayọ̀ akéwì á dúró lé e lórí, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Àwọn ọ̀dọ́ ní irú eré bẹ́ẹ̀ kò dáa. Ìyàndá béèrè bóyá ọ̀rọ̀ wà tí òun máa sọ. Wọ́n ní kò sí. Ó béèrè bóyá òun á dìde kí eré tó parí. Wọ́n ní rárá. Ó ní òun gbà. Ẹni tó bá ti sùn lábẹ́ tírélà lójú ọ̀nà ebúté Tin Can, kò sẹ́ni tó máa kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́.

Sàfíátù ìyàwó rẹ̀ ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà rárá. Ó ní a kì í fi ikú ṣeré, pé málékà lè ṣe àmín sí i. Ìyàndá ní kó fọkàn balẹ̀, pé orí ìtàgé yẹn nìkan lòun ti ń rí ẹ̀yìn nà tí ẹnikẹ́ni ò ní fi hóònù jí òun.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, tírélà rẹ̀ ti wà lórí ìlà tó ń wọ ebúté láti ọjọ́ mélòó kan, ìlà ò sì sún. Ó bẹ awakọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pé kó bá òun fojú sí ọkọ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn wá sí Ajégúnlẹ̀. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n rán bíi ti sójà fún un, wọ́n ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ bàtà ńlá kan tó há a. Ó dùbúlẹ̀. Kí Ṣayọ̀ tó lanu, oorun ti gbé e lọ.

Gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń ṣeré náà kún fọ́fọ́. Ṣayọ̀ bẹ̀rẹ̀ ewì:

Sójà tó lọ tí kò bọ̀,
A ò bá ọ níbi tí ilẹ̀ gbé gbà ọ́.
Ta ló bu omi sí ọ lẹ́nu?
Ta ló bá ọ tú okùn bàtà rẹ?

Ibi tó dé yìí ni obìnrin kan ti dìde láàárín èrò. Màmá Ebimobowei ni, ìyá Íjọ̀ kan tó ń ta ẹja yíyan ní Ajégúnlẹ̀. Ebimobowei ọmọ rẹ̀ wọ iṣẹ́ sójà, wọ́n gbé e lọ sójú ogun lókè lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ló kú sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Ìròyìn nìkan ló dé etí ìyá rẹ̀. Kò fojú kan òkú.

Ó gun orí ìtàgé, ó kúnlẹ̀ níbi ẹsẹ̀ Ìyàndá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà.

Ọwọ́ yẹn ló jí Ìyàndá. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé abẹ́ tírélà lòun wà, pé àwọn ọmọ ìta ló ń bọ́ bàtà òun. Ó kù díẹ̀ kó ta á nípàá. Àfi bó ṣe gbọ́ ohùn obìnrin náà, tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ebi, ọmọ mi, you don try. Ó tó. Bọ́ bàtà, kó o sinmi."

Ìyàndá ò lajú. Ṣayọ̀ dá ewì dúró. Obìnrin náà bọ́ bàtà kan, ó bọ́ ìkejì, ó fi etí ìró rẹ̀ nu òógùn ẹsẹ̀ náà, ó wá jókòó tì í. Omi ń bọ́ lójú Ìyàndá, ó ń ṣàn lọ sínú etí rẹ̀, kò sì lè nù ún, nítorí òkú ni.

Nígbà tí eré parí, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún màmá náà. Ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́, kò mọ ohun tí òun ń tọrọ àforíjì fún. Màmá ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́. Ojú mi ò fọ́. Ọmọ mi ò tíì hu ewú kó tó lọ. Mo kàn fẹ́ bọ́ bàtà fún sójà kan ni."

Inú Akínsànyà dùn sí bí gbogbo èrò ṣe sunkún. Wọ́n ti ní kí ẹgbẹ́ náà wá ṣeré níwájú àwọn ọ̀gá kan ní Àpápá GRA lópin ọ̀sẹ̀, ó sì lọ bẹ màmá pé kó wá tún un ṣe bó ṣe ṣe é. Màmá ní òun á wá. Ìyàndá gbọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò bá a lára mu.

Ní Àpápá GRA, kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀, èésì ń fẹ́ atẹ́gùn tútù síni lára. Lọ́jọ́ náà, oorun kọ̀, kò kun Ìyàndá. Ó dùbúlẹ̀, ó ń retí. Ṣayọ̀ dé ibi okùn bàtà. Kò sẹ́ni tó dìde. Ó tún un ké. Ìyàndá ń gbọ́ tí Akínsànyà ń wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé. Ṣayọ̀ tún un ké lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Màmá Ebimobowei jókòó sórí àga tí wọ́n tò fún un níwájú, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó ń wò wọ́n. Nígbà tó yá, Ṣayọ̀ fò ó, ó ké èyí tó kù. Àwọn ọ̀gá pàtẹ́wọ́ níwọ̀nba.

Níta, Akínsànyà ò jágbe mọ́ màmá. Ó fi sùúrù bi í pé kí ló dé.

"Tíṣà, ẹ má bínú," ni màmá wí. "Mo fẹ́ dìde, mi ò rí i ṣe. Ọjọ́ yẹn, eré kọ́ ni mo ṣe."

Akínsànyà wolẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́, òun ò ní yọ wọ́n lẹ́nu mọ́.

Tírélà ti dí gbogbo ọ̀nà pa, Ìyàndá sì ní òun á sin màmá délé. Wọ́n ń fẹ̀gbẹ́ rìn láàárín àwọn ọkọ̀ ńlá. Ara ti tán màmá, ó ń dúró mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní inú ilé ẹlẹ́ja ni Ebimobowei dàgbà sí, kì í sì í jẹ ẹja. Ó ní orin ló fi ń jí ará ilé láàárọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì dáa. Ìyàndá ń gbọ́. Ó wá rí i pé láti ìgbà tí òun ti ń ṣe òkú sójà, kò sí sójà kan tí òun mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ó béèrè irú ẹja tí kì í jẹ.

"Gbogbo ẹ̀," ni màmá wí. "Títí kan edé." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà láti wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì, ibẹ̀ loorun gbé e lọ. Ìyàndá ò jí i. Ó jókòó tì í. Tírélà rẹ̀ ṣì wà lórí ìlà, ó sì mọ̀ pé ìlà lè ti sún ní Tin Can, pé àwọn tó wà lẹ́yìn lè ti máa bú òun. Sàfíátù pè é lórí fóònù, ó ní níbo ló wà. Ìyàndá ní ọ̀dọ̀ ìyá sójà kan lòun wà, wọ́n ń sùn, òun ń dúró kí wọ́n jí. Sàfíátù ní bí wọ́n bá jí, kó bá òun kí wọn.