Dẹ́rẹ́bà Ló Pa Á

Ta ló lè fọkàn sí aṣọ, kó tún fọkàn sí ìtàn? Aránṣọ ni obìnrin yìí, ìwé ọ̀daràn àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ọkọ rẹ̀ ń kọ. Ọkùnrin náà kò tíì parí ọ̀kan tó fi ń bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Bó bá ti kù díẹ̀ kó parí, á gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, á ka ìtàn náà sókè, á wá dánu dúró.

"Aránṣọ mi, ta lo rò pé ó pa á?"

Etí ìyàwó kì í sí níbẹ̀. Aṣọ oníbàárà ló wà lójú rẹ̀. "Dẹ́rẹ́bà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún kúrò níwájú iná."

Ọkọ á rẹ́rìn-ín, á padà sídìí tábìlì rẹ̀.

Obìnrin náà kò ka ìkankan nínú ìwé ọkọ rẹ̀ rí. Ó ní òun tóun ń bá ẹni tó kọ ọ́ gbélé, kí lòun tún ń wá nínú ìwé? Ìgbà tí ọkọ kú, tí ilé dákẹ́ rọ́rọ́, ló tó kó wọn sílẹ̀ látorí pẹpẹ. Nínú àkọ́kọ́, dókítà ló pààyàn. Nínú ìkejì, àbúrò olóògbé ni. Ẹ̀rù bà á, ó rẹ́rìn-ín, oorun ò kùn ún. Ó dórí èyí tí ọkọ kọ lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn: dẹ́rẹ́bà. Èyí tó tẹ̀ lé e: dẹ́rẹ́bà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sunkún. Ó gba ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń bá ọkọ rẹ̀ tàwé lọ, kó lè ra àwọn tí kò sí nílé.

Ọkùnrin náà mirí. "Ẹ má bínú, Màmá. Àwọn tàkọ́kọ́ nìkan làwọn èèyàn ń béèrè. Wọn kì í tíì ṣí ìyókù tí wọ́n fi ń mọ̀ pé dẹ́rẹ́bà ni. Wọ́n fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo bẹ Bàbá kí wọ́n yí apànìyàn náà padà. Bàbá ní ẹnì kan ṣoṣo tó ń bá àwọn gbọ́ ìtàn náà, bó ṣe fẹ́ kó parí nìyẹn."

Ẹyin lọ̀rọ̀, èyí tó bọ́ lẹ́nu obìnrin yìí, kò tilẹ̀ gbọ́ ìgbà tó fọ́. Ó rántí àwọn ọdún ìkẹyìn, tí ẹnikẹ́ni ò kanlẹ̀kùn wá kí òǹkọ̀wé mọ́. Ó ti rò pé ogbó ni.

Ó délé, ó gbé àga ọkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ó gbé aṣọ oníbàárà sọ sílẹ̀.

"Ẹ tún un kà," ló ń sọ fún àga. "Mò ń gbọ́."