Ìgbálẹ̀ Ìyá Tó Mọ Ọ̀nà Omi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọ́n ṣì ń fa ọwọ́ mi sọdá títì ní Sùúrùlérè, bí òjò bá ti ṣú, gbogbo ìyá àdúgbò ni yóò máa pariwo orúkọ ọmọ wọn pé kí wọ́n wọlé. Ìyá kan ṣoṣo ló máa ń pe ọmọ síta. Yàrá ẹ̀yìn ni ìyá yìí ń gbé nínú ilé wa, iṣẹ́ ọba ni wọ́n sì ń ṣe: àwọn ló ń tọ́jú koríko àti òdòdó ní ọgbà ìjọba. Ìyá Olódòdó ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ fún yín pé orúkọ yẹ̀yẹ́ ni, kì í ṣe oríkì. Bí ẹ̀rín bá ti ń pa àwọn ọkùnrin ilé, wọ́n á ní, "Ìyá Olódòdó, ṣé òdòdó lẹ máa sè jẹ lálẹ́ yìí?"

Àwa ọmọbìnrin mẹ́ta ni ìyá máa ń kó jọ. Wọ́n á tú ìgbálẹ̀ kan, wọ́n á pín in fún wa ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí òjò bá ṣe ń rọ̀ lọ́wọ́, tí aṣọ ti lẹ̀ mọ́ wa lára, ibi tí omi bá ń gbà la ó máa gún ẹyọ ìgbálẹ̀ sí. Ibi tó bá sì dúró sí, a ó gún un yí i ká. Bí òjò bá dá, ìyá á mú wa rìn yí àgbàlá ká. Wọ́n á ní, "Ẹ wò ó dáadáa. Ọdọọdún ni omi máa gba ibí yìí kọjá. Ẹni tó bá kọ́ ògiri dí i, ara ẹ̀ ló ń bá jà."

Màmá mi kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà rárá. Wọ́n á fi àdí ra àyà mi nítorí otútù, wọ́n á sì máa ṣépè fún ìgbálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá tún ṣú, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ọdún kan, ìjọba fẹ́ tún iwájú ilé ìwé wa ṣe. Bí òjò bá rọ̀, adágún ni ibẹ̀ máa ń dà. Ńṣe la máa ń bọ́ bàtà gbé lé orí ká tó dé kíláàsì. Ìyá gún ìgbálẹ̀ síbẹ̀ láti ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ títí tó fi kásẹ̀. Ni ọ̀gá kan bá wá láti ọ́fíìsì tòun ti bébà ńlá, ó ń tẹ̀lé àwọn ẹyọ ìgbálẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fà wọ́n sí bébà. Ojú mi ló ṣe. Wọ́n gbẹ́ ojú àgbàrá síbi tí ìyá ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí, wọ́n gbin igi furúùtù síbi tí ìyá ní kí wọ́n gbìn ín sí. Òjò ọdún kejì dé, bàtà wa wà lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ̀gá, wọ́n fi òdòdó kọ́ ọ lọ́rùn. Òdòdó tí ìyá gbìn ni o! Ìyá fúnra wọn, wọ́n ní kí wọ́n lọ gbé omi mímu wá fún àwọn àlejò. Inú bí mi débi pé mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo ilé ìwé. Ìyá gbé abọ́ omi sílẹ̀, wọ́n nu ojú mi, wọ́n ní, "Ẹkún kọ́. Lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fà á sí bébà."

Mo kọ́ ọ. Mo kàwé títí mo fi di ara àwọn tó ń ya àwòrán bí ilẹ̀, igi àti omi yóò ṣe bá ilé gbé, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní lánsíkéèpù. Èmi nìkan lobìnrin lọ́fíìsì wa. Ẹni tó bá wọlé á rò pé èmi ni mo ń tẹ lẹ́tà, á ní kí n lọ pe ọ̀gá wá.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, mo mọ̀ pé inú ti ń bí yín sí ọ̀gá ọjọ́sí. Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù nínú ìbínú náà fún èmi náà.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni ọgbà ìṣeré kan ní Yábàá. Mo lọ pe ìyá. Orúnkún ti ń dùn wọ́n nígbà yẹn, síbẹ̀ wọ́n wá, wọ́n dúró sínú òjò, wọ́n gún ìgbálẹ̀. Èmi yà á. Nígbà tó di pé kí a kọ orúkọ sí etí àwòrán, ọ̀gá mi ní a kì í kọ orúkọ agékoríko síbẹ̀. Mi ò jiyàn. Mo kọ orúkọ tèmi nìkan.

Nígbà tí wọ́n ri pátákó ọgbà náà mọ́lẹ̀, tí wọ́n da orúkọ etí àwòrán kọ sí, ìyá ní kí n ka ohun tó wà lára rẹ̀ fún àwọn. Mo kà á.

"Orúkọ tìẹ nìkan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa."

Wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n bá tiwọn lọ. Lọ́sẹ̀ yẹn, òjò ṣú, mo sáré lọ bá wọn tèmi ti ìgbálẹ̀ tuntun. Ẹnu ọ̀nà ni ìyá jókòó sí, wọ́n ń wo òjò. Wọn ò jáde. Wọn ò sì jáde fún mi mọ́ títí wọ́n fi kú. Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Ọmọ yẹn ṣì wà lẹ́yìn mi.

Lásìkò òjò tó kọjá yìí, ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ níṣẹ́, tó ń gbé ní Sábó, gbé fọ́ọ̀mù kan wá. Àwọn obìnrin iṣẹ́ wa fẹ́ bu ọlá fún mi, pé èmi ni mo la ọ̀nà fún wọn.

"Mọ́mì, ibì kan ṣoṣo ló kù tẹ́ ẹ máa fíìlì o. Orúkọ ẹni tó kọ́ yín níṣẹ́."

Mo mú báírò, ọwọ́ mi dúró. Mi ò mọ orúkọ ìyá náà. Gbogbo ọdún tí mo fi dúró lẹ́yìn wọn nínú òjò, mi ò bi wọ́n léèrè rí! Mo lọ sí àdúgbò wa àtijọ́. Wọ́n ti wó ilé náà, wọ́n ti fi òkúta íńtálọ́ọ̀kì bo ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri, kò síbi tí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lè wọ̀. Omi sì dúró dé ọrùn ẹsẹ̀ lẹ́nu géètì wọn. Gbogbo ẹni tí mo bi, ohun kan náà ni wọ́n sọ: Ìyá Olódòdó làwọn mọ̀.

Mo délé, mo rò ó fún ọmọ tó gbé fọ́ọ̀mù wá.

"Mọ́mì, ẹ kúkú kọ Ìyá Olódòdó síbẹ̀ jàre. Ó máa yé wọn."

Mo gbá tábìlì. Mo ní, "Èébú nìyẹn! Ìwọ náà, obìnrin tó ń ta òdòdó lẹ́bàá rélùwéè, tó o máa ń sáré lọ bá kó o tó fa ìlà kan, tó ń sọ igi tó lè gbé inú omi fún ẹ, kí lorúkọ ẹ̀?"

Ó wolẹ̀. "Mọ́mì... Ìyá Fláwà la máa ń pè wọ́n."

Mo ní kó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ kó jáde nílé mi, kó má padà wá bí kò bá mú orúkọ yẹn dání.

Wọ́n ní ayé ti yí padà. Lóòótọ́, obìnrin ti pọ̀ nídìí iṣẹ́ wa, òmíràn tilẹ̀ ń jókòó lórí àga ọ̀gá. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n omi tí wọ́n ní kí ìyá yẹn gbé wá fún àlejò lọ́jọ́sí, obìnrin mìíràn ló ṣì ń gbé e wá; àwa obìnrin la wá jókòó báyìí, tí à ń mu ún.

Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ náà dé nínú òjò, aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó tú ọ̀rá lára àwòrán iṣẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi. Orúkọ méjì ló wà létí rẹ̀. Mo ka èkejì sókè, lẹ́ẹ̀mejì. Fọ́ọ̀mù tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àyè kan ṣoṣo yẹn ṣófo, yóò sì ṣófo bẹ́ẹ̀ títí èmi náà yóò fi kú.